ẸYẸ PÁRÁDÍSÈ NÍ ẸSẸ̀

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin

Bíbélì kíkà: Deutarónómì 22:6-7; Aísáyà 52:7; Mátíù 6:25-34; 1 Pétérù 3:3-4.

Àkọ́sórí: Aísáyà 52:7.

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí a lè mọ̀ pé ẹwà tí Ọlọ́run dá ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, kí a sì yẹ ara wa wò, bóyá ọ̀ṣọ́ wa ń gé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kúrò nínú ilé Ọlọ́run.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

 Nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù mẹ́ta yìí, a fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ lára ohun méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀kan jẹ́ òdòdó, èkejì jẹ́ ẹyẹ.

Òdòdó náà kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà tí wọ́n bá to òdòdó síwájú pẹpẹ fún ìgbéyàwó tàbí fún ìkórè, a lè rí ọ̀kan láàárín wọn tí ó nà ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ọsàn tí ó pọ́n dáadáa, tí àwọ̀ aró díẹ̀ sì yọ jáde láàárín rẹ̀. Bí a bá wò ó láti òkèèrè, a ó rò pé ẹyẹ kan ni ó gbé orí sókè láti fò. Òun ni wọ́n ń pè ní òdòdó Ẹyẹ Párádísè.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òdòdó yìí kò sí ní ilẹ̀ wa, kò tilẹ̀ sí ní Áfíríkà rárá. Ìtàn rẹ̀ jẹ́ ìyanu, ó sì tún jẹ́ ìtàn ìbànújẹ́. Nínú rẹ̀ ni a ó ti rí bí àwọn obìnrin bíi tiwa ṣe fi ọ̀ṣọ́ orí wọn ti ọjà ìpakúpa lẹ́yìn, àti bí àwọn obìnrin bíi tiwa náà ṣe dìde láti fi òpin sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù kà á.

I. ẸYẸ TÍ WỌ́N SỌ PÉ KÒ NÍ ẸSẸ̀

Erékùsù ńlá kan wà ní apá òkè ilẹ̀ Ọsirélíà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ New Guinea. Ìdajì rẹ̀ tí ó wà níhà ìlà-oòrùn jẹ́ ara orílẹ̀-èdè Papua New Guinea. Ìdajì kejì wà lábẹ́ ìjọba Indonéṣíà. Nínú igbó erékùsù yìí, àti ní àwọn erékùsù kéékèèké tí ó wà nítòsí rẹ̀, àti ní etí ìlà-oòrùn Ọsirélíà, ni àwọn ẹyẹ Párádísè ń gbé. Oríṣìí wọn tó nǹkan bí 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akọ wọn ni Ọlọ́run fún ní ọ̀ṣọ́. Òmíràn ní ìyẹ́ wúrà gígùn tí ó tú jáde ní ìhà rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá na ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Òmíràn ní àwọ̀ ewé ní ọ̀fun. Òmíràn sì pupa bí iná. Nígbà tí àkókò bá tó, àwọn akọ a kó ara wọn jọ sórí igi kan, wọn a máa jó, wọn a máa gbọn ìyẹ́ wọn, kí abo lè wá yan èyí tí ó wù ú. Abo kò ní ọ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tirẹ̀ sábà máa ń dàbí erùpẹ̀ àti ewé gbígbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ jùlọ nínú oríṣìí wọn, òun nìkan ni ó ń kọ́ ìtẹ́, òun nìkan ni ó ń sàba, òun nìkan ni ó sì ń wá oúnjẹ fún ọmọ.

Ní ọdún 1522 ni àwọn ará Yúróòpù kọ́kọ́ rí awọ ẹyẹ yìí gbà. Ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Victoria, èyí tí ó kọ́kọ́ yí gbogbo ayé ká, padà dé ilẹ̀ Spain ní ọdún náà. Lára ẹrù rẹ̀ ni awọ ẹyẹ gbígbẹ mélòó kan, tí ọba erékùsù Bacan fi ránṣẹ́ sí ọba Spain. Ìyẹ́ wọn ń dán, ṣùgbọ́n kò sí ẹsẹ̀ lára wọn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Àwọn tí ń pa ẹyẹ náà ní ilé rẹ̀ máa ń gé ẹsẹ̀ kúrò kí wọ́n tó sá awọ náà, nígbà mìíràn wọ́n a sì yọ ìyẹ́ apá pẹ̀lú, nítorí pé ìyẹ́ ọ̀ṣọ́ ni oníbàárà ń wá. Ta ni yóò san owó fún ẹsẹ̀ ẹyẹ?

Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lókèèrè kò mọ̀. Wọ́n wo ẹwà ẹyẹ náà, wọ́n wò ó pé kò ní ẹsẹ̀, wọ́n sì dá ìtàn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹyẹ ọ̀run ni. Wọ́n ní kì í bà sórí igi, kì í sì í fi ara kan ilẹ̀ àfi ọjọ́ tí ó bá kú. Wọ́n ní ìrì ni ó ń mu, àti pé ẹ̀yìn akọ ni abo ń yé ẹyin rẹ̀ sí lójú ọ̀run. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pè é ní ẹyẹ Párádísè. Ní ọdún 1758, nígbà tí ọ̀mọ̀wé ará Sweden nì, Linnaeus, ń fún àwọn ẹ̀dá ní orúkọ ìwé, orúkọ tí ó fún èyí tí ó tóbi nínú wọn ni Paradisaea apoda. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹyẹ Párádísè aláìlẹ́sẹ̀. Orúkọ náà ni ó ṣì ń jẹ́ nínú ìwé títí di òní.

Ní ọdún 1857, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alfred Russel Wallace, dé erékùsù Aru, ó sì rí àwọn ẹyẹ náà nínú igbó wọn. Wọ́n ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn tilẹ̀ lágbára, nítorí orí ẹ̀ka igi ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń jẹ èso àti kòkòrò.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Kì í ṣe Ọlọ́run ni ó dá ẹyẹ yìí láìní ẹsẹ̀. Ọ̀bẹ ènìyàn ni ó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí ọjà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlòmíràn wá wo ojú ọgbẹ́, tí wọ́n sì sọ pé àmì ọ̀run ni.

II. NÍGBÀ TÍ ÌYẸ́ DI ỌJÀ

Àwa Yorùbá náà mọ iyì ìyẹ́. Ọ̀kín ni a ń pè ní ọba ẹyẹ. Nítorí náà, a kò lè sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fẹ́ràn ohun tí ó lẹ́wà. Àwọn ará New Guinea pàápàá ti ń fi ìyẹ́ ẹyẹ yìí ṣe ọ̀ṣọ́ orí fún ijó àti àríyá láti ọjọ́ pípẹ́, ẹyẹ náà kò sì tán.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí àwọn obìnrin Lọ́ńdọ̀nù, Párísì àti New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ́ sí àkẹtẹ̀ wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1870 títí lọ fún bí 50 ọdún, obìnrin tí kò bá ní ìyẹ́ ní orí àkẹtẹ̀ rẹ̀ dàbí ẹni tí kò mọ ohun tí ayé ń ṣe. Àwọn mìíràn kò fi mọ sí ìyẹ́ kan tàbí méjì. Odindi ẹyẹ tí wọ́n ti gbẹ ni wọ́n ń gbé karí lọ sí ilé ìsìn. Wọ́n ń kó awọ ẹyẹ Párádísè wọ ọkọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láti New Guinea wá sí ọjà Yúróòpù.

Kì í ṣe ẹyẹ Párádísè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Gbogbo wa mọ lékeléke, ẹyẹ funfun tí àwọn ọmọdé máa ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìbátan lékeléke kan wà tí ìyẹ́ tín-ín-rín, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, máa ń hù sí ẹ̀yìn wọn ní àkókò tí wọ́n bá fẹ́ pamọ. Ìyẹ́ yẹn ni ọjà fẹ́ jùlọ. Ní ọdún 1903, ní Amẹ́ríkà, ìyẹ́ náà wọ́n ju wúrà lọ bí a bá fi wọ́n sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí àkókò tí ó ń hù: àkókò ọmọ ni. Kí ọdẹ tó lè rí ìyẹ́ náà gbà, ó ní láti pa ìyá àti bàbá lórí ìtẹ́. Ọdẹ a gba ìyẹ́, a fi òkú sílẹ̀, ebi a sì pa àwọn ọmọ inú ìtẹ́ títí wọn yóò fi kú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Deutarónómì 22:6-7. Ọlọ́run tí ó fún Mósè ní òfin nípa pẹpẹ àti ẹbọ, òun kan náà ni ó fún un ní òfin nípa ìtẹ́ ẹyẹ. Ó ní bí ènìyàn bá bá ìyá ẹyẹ lórí ọmọ tàbí lórí ẹyin, kò gbọdọ̀ mú ìyá pẹ̀lú ọmọ. Kí ó jẹ́ kí ìyá lọ. Ó tilẹ̀ fi ìlérí kún un: pé kí ó lè dára fún ẹni tí ó bá pa á mọ́, kí ọjọ́ rẹ̀ sì lè gùn. Àwọn obìnrin tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ń ka Bíbélì kan náà. Púpọ̀ nínú wọn kò rí ìtẹ́ náà rí. Àkẹtẹ̀ ni wọ́n rí nínú ṣọ́ọ̀bù, ó sì wù wọ́n. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n ti nu ẹ̀jẹ̀ nù kí ọjà tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

III. ÀWỌN OBÌNRIN TÍ Ó DÌDE

Ní ọdún 1889, arábìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Emily Williamson, ní Didsbury lẹ́bàá ìlú Manchester, pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin jọ sí ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ọ̀mọ̀wé tí ń kọ́ nípa ẹyẹ nígbà náà kì í gba obìnrin sí àárín wọn. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún kan náà, Eliza Phillips ní Croydon ń pe àwọn obìnrin jọ fún ọ̀rọ̀ kan náà. Ní ọdún 1891, ẹgbẹ́ méjèèjì di ọ̀kan.

Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́ kò gùn. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ìyẹ́ ẹyẹ tí a kò pa fún jíjẹ ṣe ọ̀ṣọ́. Ìyẹ́ ògòǹgò nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, nítorí pé a lè gé ìyẹ́ ògòǹgò láìpa á. Ẹ wò ó, wọn kò sọ pé kí obìnrin má ṣe ọ̀ṣọ́ mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọ̀ṣọ́ tí ó bá ń pa ìyá ọmọ, àwọn kò ṣe é mọ́.

Nínú wọn ni Etta Lemon wà. Bí ó bá wà nínú ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, ó máa ń kíyè sí àwọn obìnrin tí ìyẹ́ wà lórí àkẹtẹ̀ wọn. Bí ó bá délé, a kọ lẹ́tà sí wọn, a sì ṣàlàyé fún wọn bí ẹyẹ náà ṣe kú. Kò dájú pé gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí. Ṣùgbọ́n kò dẹ́kun.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Boston, ní ọdún 1896, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ìbátan, Harriet Hemenway àti Minna Hall, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn obìnrin ọlọ́lá ìlú náà wá mu tíì. Bí wọ́n ti ń mu tíì ni wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí nǹkan bí 900 obìnrin fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àwọn kò ní fi ìyẹ́ sórí mọ́.

Iṣẹ́ náà kò yá kánkán. Ẹgbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé àṣẹ ọba ní ọdún 1904. Amẹ́ríkà fi òfin dí ọ̀nà mọ́ ìyẹ́ tí ń ti òkèèrè wọlé ní ọdún 1913. Ilé Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1921. Láti ọdún 1889 dé ọdún 1921 jẹ́ ọdún 32. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, obìnrin kò tilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣòfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1918 ni díẹ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i gbà. Wọn kò ní agbára òfin, wọn kò ní ìbò. Ohun tí wọ́n ní ni ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ láti ilé dé ilé, àti ẹnu tí wọ́n fi ń sọ òtítọ́ fún arábìnrin wọn.

Ẹyẹ Párádísè wà títí di òní. Lára ìdí tí ìran wọn kò fi parun ni pé àwọn ọdẹ kò wá abo, nítorí abo kò ní ìyẹ́ ọ̀ṣọ́. Èyí tí ayé kò kà sí ni Ọlọ́run fi pa ìran náà mọ́. Lónìí, àwòrán ẹyẹ náà wà lára àsíá Papua New Guinea. Ọmọdébìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, Susan Karike, akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù, ni ó ya àsíá náà, wọ́n sì gbà á wọlé ní ọdún 1971.

IV. ÒDÒDÓ TÍ Ó NÍLÒ ẸSẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òdòdó wa. Òun ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ilé rẹ̀ ni South Africa, ní àgbègbè Eastern Cape àti KwaZulu-Natal. Ní ọdún 1773, Francis Masson fi í ránṣẹ́ sí ọgbà ọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n sọ ọ́ ní Strelitzia reginae láti bu ọlá fún Ayaba Charlotte, aya Ọba George Kẹta, ẹni tí ó wá láti Mecklenburg-Strelitz ní ilẹ̀ Jámánì. Nítorí ìrísí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń fi orúkọ ẹyẹ Párádísè pè é. Ìbátan ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, bí a bá wo ewé rẹ̀, a ó rí i pé wọ́n jọra.

Ohun ìyanu inú rẹ̀ nìyí. Àwọ̀ aró tí a ń rí láàárín òdòdó náà ní ìrísí ọfà. Inú rẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó wà, èyí tí ó dàbí àtíkè, tí òdòdó kan gbọ́dọ̀ gbà láti ara òmíràn kí ó tó lè so. Omi dídùn wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹyẹ bá wá mu omi náà, orí ọfà yìí ni yóò bà sí. Bí ó bá ti bà, ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò mú kí ọfà náà là, àtíkè náà yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí ó bá fò lọ sórí òdòdó mìíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń gbé e lọ. Ìbátan ẹ̀gà wa, tí ń pariwo lórí ọ̀pẹ, wà lára àwọn ẹyẹ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní South Africa.

Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ẹyẹ tí ayé ní kò ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òdòdó tí kò lè so dáadáa láìsí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Níbi tí ẹyẹ rẹ̀ kò bá sí, òdòdó náà yóò tanná, yóò lẹ́wà, ènìyàn yóò yìn ín, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kò ní tó nǹkan, àfi bí ènìyàn bá fi ọwọ́ gbé àtíkè náà láti ara ọ̀kan sí ara èkejì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ọgbà Kirstenbosch ní Cape Town. Wọ́n rí oríṣìí kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìyeyè dípò àwọ̀ ọsàn, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Olùtọ́jú ọgbà náà, John Winter, fi ọwọ́ bá wọn gbé àtíkè láti òdòdó dé òdòdó, ó sì ń ṣa irúgbìn rẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún kí ó tó pọ̀ tó láti pín fún àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1996, wọ́n sọ ọ́ ní Mandela's Gold láti bu ọlá fún Ààrẹ Nelson Mandela.

Bí arábìnrin kan bá fẹ́ gbin òdòdó yìí sí àgbàlá ilé tàbí ti ilé ìsìn, kí ó wá ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, tí omi kò sì í dúró sí. Kí ó tọrọ ẹ̀ka gbòǹgbò lára èyí tí ó ti dàgbà, nítorí irúgbìn máa ń pẹ́ kí ó tó hù, ó sì lè tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó tanná. Kí ó má máa tú u gbìn káàkiri. Nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ bá há mọ́ra ni ó máa ń tanná jù. Kí ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má ṣe jẹ irúgbìn rẹ̀, nítorí ó lè da inú rú.

V. Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

1. Ẹwà Ọlọ́run ní ẹsẹ̀. Nínú Aísáyà 52:7, wòlíì kò yin ojú oníṣẹ́ ìhìn rere, kò yin aṣọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó yìn, ẹsẹ̀ tí ó ti rin orí òkè, tí eruku ti bò. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó gbé ìhìn rere dé ọ̀dọ̀ àwa náà. Ní ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Badagry, kí ọdún náà tó parí ó ti dé Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1891, William Bromilow àti aya rẹ̀ Lilly, tí àwọn pẹ̀lú jẹ́ ará Mẹ́tọ́díìsì, dé erékùsù Dobu ní ilẹ̀ Papua, nítòsí igbó àwọn ẹyẹ Párádísè gan-an. Ẹgbẹ́ tí ó bá mọ orin kọ, tí ó mọ aṣọ wọ̀, tí kò sì ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń lọ kí aláìsàn àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ó dàbí awọ ẹyẹ tí ó wọ ọkọ̀ Victoria. Ó ń dán, ṣùgbọ́n kò lè bà sórí ẹ̀ka kankan.

2. Kí a bi ọ̀ṣọ́ wa léèrè ẹni tí ó san owó rẹ̀. Nínú àwọn Òfin tí John Wesley ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì ní ọdún 1743, ó ka aṣọ olówó ńlá mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹra fún. Nínú ìwàásù rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ, ó kọ́ni pé owó tí a bá ná sórí ọ̀ṣọ́ àṣerégèé, owó aláìní ni a ná.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Aṣọ ẹgbẹ́ dára. Ó ń fi ìṣọ̀kan hàn, kì í jẹ́ kí a mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ̀dún ẹgbẹ́ bá ní aṣọ tirẹ̀, tí ìkórè ní tirẹ̀, tí ọjọ́ àwọn ìyá ní tirẹ̀, tí gèlè àti bàtà sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, aṣọ tí ó yẹ kí ó so wá pọ̀ ti di ọ̀bẹ. Opó tí ó ní ọmọ mẹ́ta ní ilé ìwé kò ní dìde nínú ìpàdé kí ó sọ pé òun kò ní owó. Yóò sọ pé ara òun kò yá. Lọ́jọ́ kejì, yóò sọ pé òun rin ìrìn àjò. Nígbà tí ó bá yá, a kì yóò rí i mọ́, a ó sì máa sọ pé ìgbàgbọ́ arábìnrin náà ti tutù. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó tutù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a gé kúrò ní ilé Ọlọ́run. Bí àwọn ará àtijọ́ tí ó rí awọ ẹyẹ ṣe ṣe ni àwa náà ń ṣe, a wo ojú ọgbẹ́, a sì pè é ní ìṣẹ̀dá.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ohun tí Pétérù ń sọ nìyí nínú 1 Pétérù 3:3-4, nígbà tí ó tọ́ka sí ọ̀ṣọ́ ti inú ọkàn, ìwà tútù àti ẹ̀mí pẹ̀lẹ́, tí ó níye lórí níwájú Ọlọ́run. Ọ̀ṣọ́ yìí kò ná opó kankan ní owó.

3. Obìnrin lè tún ohun tí obìnrin bàjẹ́ ṣe. Emily Williamson kò dúró de ìjọba. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú pálọ̀ ilé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àkẹtẹ̀ tirẹ̀. Bí àwa obìnrin ni a ń pinnu iye aṣọ tí a ó rà lọ́dún, àwa náà ni a lè dín in kù. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tí yóò bá wa ṣe é, kò sì yẹ kí a dúró dè é.

4. Iṣẹ́ rere ń pẹ́. Ọdún 32 ni àwọn obìnrin wọ̀nyẹn fi dúró de òfin. Nǹkan bí 20 ọdún ni olùtọ́jú ọgbà fi ń gbé àtíkè láti òdòdó dé òdòdó. Kí a má ṣe rẹ̀wẹ̀sì bí ìpàdé kan kò bá gba ìmọ̀ràn wa. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn gbà pé ẹyẹ Párádísè kò ní ẹsẹ̀? Irú àṣìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wo ni ó wà láàárín wa nípa àwọn arábìnrin tí kì í wá sí ìpàdé mọ́?

2. Ẹ ka Lúùkù 12:6. Bí Ọlọ́run kò bá gbàgbé ológoṣẹ́, kí ni èyí kọ́ wa nípa bí ó ṣe yẹ kí a lo àwọn ẹ̀dá rẹ̀?

3. Aṣọ mélòó ni ẹgbẹ́ wa rà ní ọdún tí ó kọjá? Ta ni kò lè rà á? Ta ni ó lọ bẹ̀ ẹ́ wò?

4. Nínú ẹgbẹ́ wa, ta ni ó dàbí abo ẹyẹ náà, tí kò ní ọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n tí ó ń bọ́ gbogbo ìtẹ́? Báwo ni a ṣe lè ràn án lọ́wọ́?

OHUN ṢÍṢE

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ohun mẹ́ta kí ìwé ìròyìn tí ó ń bọ̀ tó jáde. Èkíní, kí a jíròrò bóyá aṣọ kan lè tó wa fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún gbogbo àjọ̀dún wa. Èkejì, kí a kọ orúkọ gbogbo arábìnrin tí a kò rí fún oṣù méjì, kí a sì pín wọn fún ara wa ní méjì méjì láti lọ kí wọn. Kí a fi ẹsẹ̀ lọ, kí a má ṣe fi tẹlifóònù nìkan ṣe é. Ẹ̀kẹta, kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ fún ẹni tí kò ní, kí olórí ẹgbẹ́ àti akápò nìkan mọ ẹni tí ó gbà á.

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run, ìwọ tí ó wọ òdòdó igbó ní aṣọ, tí ó sì ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run, a dúpẹ́ fún ẹwà tí o dá sínú ayé. Dárí jì wá níbi tí ọ̀ṣọ́ wa ti di ẹrù fún ẹlòmíràn. Fún wa ní ẹsẹ̀ tí ń lọ, kí a lè wá àwọn tí ó ti fà sẹ́yìn rí. Kí àwọn opó àti àwọn tí kò ní lè rí àyè jókòó láàárín wa láìsí ìtìjú. Nígbà tí iṣẹ́ wa bá sì parí, mú wa dé Párádísè rẹ pẹ̀lú wọn, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.